Ìrìnàjò Olówó Pọ́ọ́kú Lórí Ojú Irin: Láti Èkó Dé Ìsundunrin, Iṣẹ́ Ọnà Kún Ojú Ọ̀nà

Àwọn àgbà ló sọ pé ẹni tó bá rìn jìnnà ni í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló gba òwe náà gbọ́, ṣùgbọ́n lójú wọn, kí èèyàn máa ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, kó máa wo iṣẹ́ ọnà, ilé àtijọ́ àti ìṣe àwọn onílé, iṣẹ́ olówó ni. Bí ọmọ bíbí Ìsundunrin kan tó ń gbé ní Èkó bá di ẹrù rẹ̀, ọdún, ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó ló gbé e dìde. Á wọ ọkọ̀, á sùn, á jí, á bá ara rẹ̀ ní Èjìgbò. Ìbàdàn àti Ìwó tó là kọjá, gáréèjì wọn nìkan ló mọ̀.

Ohun tó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni pé ojú irin tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ sí ilẹ̀ Yorùbá gba àárín àwọn ìlú tí iṣẹ́ ọnà ti gbilẹ̀ gan-an kọjá. Láti Èkó, Abẹ́òkúta ló kàn, lẹ́yìn náà Ìbàdàn, Ẹdẹ àti Òṣogbo. Apá kan lára ọ̀nà yìí sì ti ní ọkọ̀ tuntun tó ń kó èrò. Bí èèyàn ṣe lè fi owó kékeré rin ọ̀nà náà, ohun tó yẹ kó wò ní ìlú kọ̀ọ̀kan, àti ibi tí ọ̀nà náà ti já, ni àlàyé tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lé.

BÍ YÚRÓÒPÙ ṢE SỌ Ọ́ DI OHUN TÍ MẸ̀KÚNNÙ LÈ ṢE

Ní ọdún 1972, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin orílẹ̀-èdè 21 ní Yúróòpù pawọ́ pọ̀, wọ́n gbé tíkẹ́ẹ̀tì kan jáde tí wọ́n pè ní Interrail. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò ju ọmọ ọdún 21 lọ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá ti ra ẹyọ kan, oṣù kan gbáko ló lè fi máa wọ ọkọ̀ láti ìlú dé ìlú, láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn. Nígbà tó yá, wọ́n mú gbèdéke ọjọ́ orí náà kúrò, orílẹ̀-èdè tó wà nínú ètò náà sì ti di 33. Èyí tí wọ́n ń pè ní Eurail ti wà ṣáájú rẹ̀ láti ọdún 1959, àwọn tí kì í gbé ní Yúróòpù ló wà fún. Nítorí náà, Interrail ni ọmọ Yorùbá tó fi ìlú London ṣe ibùgbé yóò rà, Eurail sì ni ti ẹni tó bá ń ti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣì í gbọ́: tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe físà. Ẹni tó bá mú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà dání gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba físà Schengen kó tó lè wọ Faransé, Jámánì, Ítálì àti àwọn yòókù wọn. Bákan náà, àwọn ọkọ̀ tó ń sáré jù lọ ní Faransé, Ítálì àti Spéìn a máa gba owó ìjókòó lọ́tọ̀, bí èèyàn tilẹ̀ ní tíkẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́.

Kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń mú kí ìrìnàjò náà rọjú. Ilé àwọ̀sùn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pín yàrá kan sùn wà káàkiri. Ọdún 1912 ni wọ́n ṣí èyí àkọ́kọ́ tó fìdí múlẹ̀, sínú ilé olódi àtijọ́ kan ní ìlú Altena ní Jámánì. Ẹlòmíràn a wọ ọkọ̀ òru, kí owó ọkọ̀ àti owó ibùsùn lè di ọ̀kan. Ní ti iṣẹ́ ọnà, British Museum ní London kì í gba owó ìwọlé. Prado ní Madrid a máa ṣílẹ̀kùn lọ́fẹ̀ẹ́ ní wákàtí méjì tó kẹ́yìn nínú ọjọ́, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Vatican a sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù. Nínú British Museum yìí kan náà ni orí idẹ Ifẹ̀ kan wà, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1938. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Peckham lè lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá rẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi, owó ọkọ̀ nìkan ni yóò sì ná an.

Ohun mẹ́ta ló gbé irú ìrìnàjò yìí ró lọ́dọ̀ wọn. Èkíní, ojú irin wọn so kọ́ra. Èkejì, ibùdókọ̀ wọn sábà máa ń wà ní àárín ìlú, ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ lè fẹsẹ̀ rìn dé ibi tó ń lọ. Ẹ̀kẹta, owó tí wọ́n ń gbà kí èèyàn tó wo iṣẹ́ ọnà kò ga ju agbára lọ, ibòmíràn sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Òṣùwọ̀n mẹ́ta yìí ló yẹ kí èèyàn fi wo ti ilẹ̀ Yorùbá.

OJÚ IRIN TÓ KÓ ÈRÒ WỌ̀LÚ

Ọdún 1896 ni iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ó dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1898, ó dé Ìbàdàn ní ìparí ọdún 1900, wọ́n sì ṣí i ní oṣù kẹta, ọdún 1901. Ó wọ Òṣogbo ní ọdún 1907, ó sì dé Kánò ní ọdún 1912. Ẹrù oko ni ìjọba amúnisìn ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń tẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n èrò ló tẹ̀lé ẹrù. Àwọn alájàpá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọjà láti ìlú kan dé òmíràn, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ìtòsí ibùdókọ̀, àlejò sì kún ìlú. Òṣogbo jèrè rẹ̀ gan-an. Àwọn oníṣòwò láti Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin wá fi ibẹ̀ ṣe ilé, ìlú tó jẹ́ ti ọlọ́dẹ àti àgbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì di ọjà ńlá.

Ojú irin náà kò ya Èjìgbò, kò sì ya Ìsundunrin tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Èjìgbò. Ẹdẹ, tó tó nǹkan bíi kìlómítà 24 sí Èjìgbò, ni ibùdókọ̀ wà fún wọn. Síbẹ̀, àìsí ojú irin kò dí àwọn èèyàn agbègbè yìí lọ́wọ́ àjò. Láti ayé àwọn bàbá wọn ni wọ́n ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire. Wọ́n pọ̀ ní Treichville ní ìlú Àbíjàn débi pé èdè Faransé kì í ṣe ohun àjèjì ní Èjìgbò. Ọkọ̀ a ti Èjìgbò gbéra, a la Benin, Tógò àti Gánà kọjá kó tó dé ọ̀hún. Ẹni tó lè rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò ní sọ pé Èkó sí Òṣogbo jìnnà. Ohun tó kù ni pé òwò ni wọ́n máa ń bá lọ, wọn kì í sábà yà wo ohun tó wà lójú ọ̀nà.

ÈKÓ: IBI TÍ ÌRÌNÀJÒ TI BẸ̀RẸ̀

Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin méjì ló wà fún èrò inú ìlú Èkó báyìí. Blue Line, tó ń lo iná mànàmáná, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 2023, láti Mile 2 dé Marina, ìrìn kìlómítà 13. Red Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹwàá, ọdún 2024, láti Agbádó dé Òyìngbò, ìrìn kìlómítà 27. Káàdì Cowry tí àwọn ará Èkó ti ń lò nínú bọ́ọ̀sì BRT ni wọ́n fi ń sanwó rẹ̀.

Ẹni tó bá wọ Blue Line lè sọ̀ ní ibùdókọ̀ National Theatre ní Ìgànmú. Ilé ńlá tó wà níbẹ̀ ni wọ́n fi ṣe àlejò fún gbogbo ènìyàn dúdú àgbáyé nígbà FESTAC ọdún 1977. Ní ọdún 2024, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pé ẹni 90 ọdún, ìjọba àpapọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé náà, wọ́n sì tún un ṣí ní ọjọ́ kìíní, oṣù kẹwàá, ọdún 2025 lẹ́yìn àtúnṣe. Bí èèyàn bá tún wọ ọkọ̀ dé Marina, Oníkàn kò jìnnà mọ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀ láti ọdún 1957. John Randle Centre, tí wọ́n kọ́ fún àṣà àti ìtàn Yorùbá nìkan, wà ní Oníkàn kan náà. Freedom Park, tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street nígbà àwọn òyìnbó, ti di ibi tí wọ́n ti ń ṣe eré, tí wọ́n sì ń pàtẹ àwòrán.

Kó tó wá kúrò ní Èkó, ẹni tó fẹ́ mọ ìtàn ojú irin fúnra rẹ̀ lè yà sí Jaekel House ní ọgbà reluwé ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà. Ilé àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1898 ni. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì kó àwọn ohun èlò àti àwòrán ayé àtijọ́ ilé iṣẹ́ reluwé sínú rẹ̀.

ABẸ́ÒKÚTA: ÌLÚ ÀDÌRẸ

Ọkọ̀ tuntun tó ń lọ sí Ìbàdàn ń gbéra ní ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà. Oṣù kejìlá, ọdún 2020 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, Ààrẹ Muhammadu Buhari sì ṣí i ní oṣù kẹfà, ọdún 2021. Gbogbo ọ̀nà náà jẹ́ kìlómítà 157, nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀ lọkọ̀ sì máa ń lò lórí rẹ̀. Oríṣi ìjókòó mẹ́ta ló wà. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, èyí tó rọjú jù kò ju ₦3,000 lọ. Owó náà ti gòkè láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ìjókòó mẹ̀kúnnù yìí ni ẹni tó ń ṣọ́wó ná yóò máa rà.

Ibùdókọ̀ Abẹ́òkúta, tí òun náà ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká, wà ní Ládẹ̀rin, lẹ́yìn ìlú. Èrò gbọ́dọ̀ tún wọ ọkọ̀ mìíràn wọ ìgboro. Èyí ni ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ sí ti Yúróòpù, kí èèyàn sì ti fi owó rẹ̀ kún ìnáwó kó tó kúrò nílé.

Ìtòkú ni ojúlówó ọjà àdìrẹ. Kò sí owó ìwọlé níbẹ̀, ojú kì í sì í sú ìwòran. Oríṣi méjì tó lókìkí jù ni àdìrẹ oníko, tí wọ́n ń fi okùn ìko di aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró, àti àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ tó rẹ sínú ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ ya àwòrán sára aṣọ. Ẹ̀kọ náà kì í jẹ́ kí aró mú ibi tó bá wà. Àwọn àwòrán náà ní orúkọ. Ọlọ́ba jáde láti ara ayẹyẹ ọdún 25 tí Ọba George Karùn-ún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò lórí oyè ní ọdún 1935. Ìbàdàndùn sì ní àwòrán òpó gbọ̀ngàn Màpó nínú. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ náà wà nínú ọjà, nítorí náà kí ẹni tó fẹ́ ra ojúlówó yí aṣọ padà. Aró gidi a máa wọ aṣọ dé ẹ̀yìn, àwọ̀ ẹ̀rọ a máa ṣì lẹ́yìn.

Lẹ́yìn Ìtòkú, Olúmọ ló kàn, àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá di nígbà ogun. Ẹni tó bá gun orí rẹ̀ yóò rí gbogbo ìlú àti odò Ògùn. Aké náà kò ṣeé fò. Ibẹ̀ ni Ṣóyínká ti lo ìgbà èwe rẹ̀, tó sì fi orúkọ rẹ̀ pe ìwé tó gbé jáde ní ọdún 1981. Abẹ́òkúta yìí náà ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní ọdún 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ yìí. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìtàn yẹn nìkan tó kí òǹkàwé ìwé ìròyìn Yorùbá torí rẹ̀ sọ̀ ní Abẹ́òkúta.

ÌBÀDÀN: ÌLÚ ÒKÈ ÀTI ÒRÙLÉ

Mọníyà, ní àríwá Ìbàdàn, ni ọ̀nà tuntun náà parí sí, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ. Ibùdókọ̀ àtijọ́ wà ní Dùgbẹ̀, ní àárín ọjà. Nígbà náà, ẹsẹ̀ lásán lèrò fi ń ti inú ọkọ̀ wọ ìgboro. Lónìí, ọkọ̀ ni yóò tún wọ̀.

Kí èèyàn kọ́kọ́ gun Màpó. Láàárín ọdún 1925 sí 1929 ni wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn náà, àwọn òpó rẹ̀ ló sì wà lára aṣọ Ìbàdàndùn. Ẹni tó bá ti ra ìró kan ní Ìtòkú lè tẹ́ ẹ síwájú ilé náà, kó fi èyí tó wà lára aṣọ wé èyí tó dúró. Láti orí òkè yìí, òrùlé páànù tó ti pọ́n lọ salalu lójú, àwòrán kan tí àwọn akéwì àti ayàwòrán kò yé sọ̀rọ̀ lé lórí. Ilé ìṣọ́ Bower, tó ti wà láti ọdún 1936, wà lórí Òkè Ààrẹ. Cocoa House ní Dùgbẹ̀, ilé alájà 26 tí wọ́n parí ní ọdún 1965, jẹ́ ẹ̀rí ohun tí owó kòkó ṣe nígbà ìjọba ìwọ̀-oòrùn.

Ìbàdàn náà ni àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán ti dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní ọdún 1961. Ulli Beier, Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe àti Christopher Okigbo wà lára wọn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú ni oúnjẹ àlejò, kò sì sí àdúgbò tí èèyàn kò ti ní rí i rà ní owó tí kò ní pa á lára.

IBI TÍ Ọ̀NÀ TI JÁ

Ojú irin tuntun náà kò kọjá Mọníyà. Ọdún 2006 ni ìjọba àpapọ̀ ti kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ ojú irin ìgbàlódé láti Èkó dé Kánò fún àwọn ará Ṣáínà, ṣùgbọ́n ní ìhà ilẹ̀ Yorùbá, Èkó sí Ìbàdàn nìkan ló parí. Láti Ìbàdàn dé Òṣogbo, nǹkan bíi kìlómítà 90, ojú títì ni èrò yóò gbà.

Kìlómítà 90 yìí kò tó nǹkan lójú ẹni tó ní mọ́tò. Ó tóbi lójú mẹ̀kúnnù tó fẹ́ kó ìyàwó àti ọmọ wálé ọdún, nígbà tí owó ọkọ̀ máa ń fò sókè. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ Ọ̀ṣun ní Èkó kò fi lè gbàgbé ọkọ̀ ojú irin ọ̀fẹ́. Nígbà tí Ògbẹ́ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá jẹ́ gómìnà, láàárín ọdún 2010 sí 2018, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ń gba ọkọ̀ ojú irin lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ reluwé nígbà Kérésìmesì, Àjíǹde, Ìtúnu Àwẹ̀ àti Iléyá. Ìddó ni ọkọ̀ náà ti ń gbéra lọ sí Òṣogbo, a sì padà kó èrò lọ sí Èkó lẹ́yìn ọdún. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gómìnà Gboyega Oyetola tó jẹ tẹ̀lé e tẹ̀síwájú nínú ètò náà. Ìjọba àpapọ̀ náà sọ ọkọ̀ ojú irin di ọ̀fẹ́ nígbà Kérésìmesì ọdún 2023, ṣùgbọ́n ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn kò lè gbé ọmọ Ìsundunrin kọjá Mọníyà.

Ní báyìí, ẹni tó bá sọ̀ ní Mọníyà yóò wá ọkọ̀ lọ sí Ìwó Road, níbi tí ọkọ̀ Òṣogbo ti ń gbéra. Ẹni tó bá ń kánjú lè gba Ìwó lọ sí Èjìgbò tààrà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba Ìwó lọ ti fo Òṣogbo dá, bẹ́ẹ̀ Òṣogbo ni ọkàn ìrìnàjò yìí.

ÒṢOGBO: ÌLÚ TÓ GBÉ IṢẸ́ Ọ̀NÀ RE BERLIN

Ní ọdún 1962, Dúró Ládípọ̀, ọmọ bíbí Òṣogbo, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀ bíi ti Ìbàdàn. Mbari ni orúkọ náà tẹ́lẹ̀, àwọn ará ìlú sì yí i padà sí Mbárí Mbáyọ̀, orúkọ tó dùn létí Yorùbá. Ilé náà di ibi eré àti ibi ìpàtẹ àwòrán. Níbẹ̀ àti ní àyíká rẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti kọ́ àwòrán yíyà láàárín ọdún 1962 sí 1964, tí orúkọ wọn sì kárí ayé lẹ́yìn náà: Twins Seven-Seven, Jimoh Buraimoh, Muraina Oyelami, Rufus Ogundele àti àwọn mìíràn. Nike Okundaye náà, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ àdìrẹ, ti Òṣogbo dìde, ó sì ní ilé iṣẹ́ ọnà síbẹ̀ títí di òní.

Ọdún 1963 ni Ládípọ̀ kọ́kọ́ gbé eré Ọba Kò So jáde. Ní ọdún 1964, ó gbé e lọ sí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà ní Berlin, ní ọdún 1965 ó sì gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó yẹ kó dun èèyàn nìyí: iṣẹ́ ọnà Òṣogbo ti dé Berlin kó tó di pé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà ní Èkó fojú kan ibi tí wọ́n ti ṣe é.

Igbó Ọ̀ṣun ni kò yẹ kí àlejò fò dá. Ó tó sàré ilẹ̀ bíi 185, ìyẹn hẹ́kítà 75, ó sì ní ojúbọ tó lé ní 40. Susanne Wenger, obìnrin ará Ọ́stríà tí a bí ní ìlú Graz ní ọdún 1915, dé Nàìjíríà ní ọdún 1950, ó di olórìṣà, wọ́n sì ń pè é ní Àdùnní Olórìṣà. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú, bí Adébísí Àkànjí tó mọ sìmẹ́ńtì mọ àti Buraimoh Gbadamosi tó ń gbẹ́ òkúta, ni wọ́n tún ojúbọ náà ṣe nígbà tí àwọn èèyàn fẹ́ máa gé igi igbó náà, tí wọ́n sì fẹ́ sọ ilẹ̀ rẹ̀ di oko. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO kọ igbó náà mọ́ ara ogún àgbáyé. Wenger kú ní Òṣogbo ní oṣù kìíní, ọdún 2009. Owó ìwọlé wà, kò sì ga fún ọmọ ilẹ̀ yìí. Oṣù kẹjọ ọdọọdún ni ọdún Ọ̀ṣun. Ẹni tó fẹ́ ìgbádùn èrò, kó wá nígbà náà. Ẹni tó fẹ́ fi ara balẹ̀ wo iṣẹ́ ọnà, tó sì ń ṣọ́wó ilé ìtura, kó wá ní oṣù mìíràn.

ẸDẸ, ÈJÌGBÒ ÀTI ÌSUNDUNRIN

Ẹdẹ kò jìnnà sí Òṣogbo. Ìlú Tìmì ni, ìlú ìlù sì ni. Tìmì Láoyè, tó jọba láàárín ọdún 1946 sí 1975, kì í ṣe ẹni tí wọ́n kàn ń lù fún. Ọba tó mọ dùndún lù fúnra rẹ̀ ni, ó sì kọ́ àwọn àlejò láti òkè òkun bí ìlù Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀.

Láti Ẹdẹ ni ọ̀nà ti lọ sí Èjìgbò. Òrìṣà Ògìyán ni ìlú náà fi lókìkí, Ògìyán náà sì ni oyè ọba wọn. Nígbà ọdún òrìṣà yìí, àwọn ará Òkè Màpó àti ti Ìsàlẹ̀ Òṣolo a máa fi àtòrì na ara wọn nínú ìjà tí kì í ṣe ti ọ̀tá. Iyán ni oúnjẹ òrìṣà náà. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil kò gbàgbé rẹ̀: Oxaguiã ni wọ́n ń pè é ní Bahia, iyán ni wọ́n ṣì fi ń rántí rẹ̀ níbẹ̀. Ìlú tí a rò pé kò sí lójú ọ̀nà ti rìnrìnàjò jìnnà ju ojú irin èyíkéyìí lọ.

Ọkọ̀ kékeré tàbí ọ̀kadà ló máa ń gbé èrò láti Èjìgbò dé Ìsundunrin. Kò dìgbà tí ìlú bá ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kó tó ní ohun tó yẹ ní wíwò. Oríkì ìdílé wà lẹ́nu àwọn ìyá àgbà, ìlù wà lọ́wọ́ àwọn àyàn, ìtàn ilé wà lọ́dọ̀ àwọn baálé. Ọmọ tó ti wo àdìrẹ ní Ìtòkú, tó ti gun Màpó, tó sì ti dúró ní ojúbọ Ọ̀ṣun, yóò fi ojú mìíràn wo ohun tó wà nínú agbo ilé bàbá rẹ̀.

OHUN TÍ ARÌNRÌNÀJÒ GBỌ́DỌ̀ FI SỌ́KÀN

Ẹni tó bá ní ọjọ́ mẹ́rin lè fi ọjọ́ kìíní wo Èkó, kó fi ọjọ́ kejì sọ̀ ní Abẹ́òkúta, kó wọ Ìbàdàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà tàbí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, kó sì lo ọjọ́ kẹrin ní Òṣogbo kó tó lọ sílé. Kó yẹ àkókò ọkọ̀ wò kó tó gbéra, nítorí ọkọ̀ kì í pọ̀ lójúmọ́ kan, ẹni tí ọ̀kan bá fi sílẹ̀ lè dúró pẹ́.

Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ Ìbàdàn ṣeé rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti ní ibùdókọ̀. Kí èèyàn rà á ṣáájú ọjọ́ ọdún, kó sì mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Ìjókòó tó rọjú jù àti èyí tó wọ́n jù, ọkọ̀ kan náà ló ń gbé wọn, wákàtí kan náà ni wọ́n sì ń dé.

Kí ó ní owó kéékèèké lọ́wọ́ fún ọkọ̀ ìgboro, nítorí ibẹ̀ ni owó máa ń bá lọ jù. Ní ti ibùsùn, ilé ẹbí ló dára jù fún ẹni tó bá ní in. Ẹni tí kò ní lè béèrè ilé àlejò tí àwọn ìjọ àti ilé ẹ̀kọ́ gíga máa ń ní, èyí tó sábà máa ń rọjú ju ilé ìtura lọ.

Ní ojúbọ àti ní ààfin, kí ó tọrọ àyè kó tó ya fọ́tò. Bí ó bá wọ ilé oníṣẹ́ ọnà, kó kí wọn dáadáa, kó béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gba owó ìwòran, wọ́n a sì máa dunnú sí ẹni tó fẹ́ mọ̀. Bí agbára bá wà, kí ó ra ohun kékeré lọ́wọ́ wọn, nítorí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rà kì í pẹ́ parun.

Bí èèyàn bá tún fi òṣùwọ̀n mẹ́ta ti ìbẹ̀rẹ̀ wò ó, ti iṣẹ́ ọnà ti pé, owó rẹ̀ kò sì le. Ti ibùdókọ̀ tó jìnnà sí ìgboro, bọ́ọ̀sì lè yanjú rẹ̀. Ọ̀kan tó kù ni ojú irin láti Mọníyà dé Òṣogbo, ìjọba nìkan ló sì lè tẹ́ ẹ. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọmọ Ìsundunrin tó wà ní Èkó kò nílò kó dúró di ọjọ́ yẹn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ àwọn ìlú tó wà láàárín òun àti ilé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ojú irin náà bá tún dé Òṣogbo, òun ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lápò ara rẹ̀.